Omi Tí Mo Gbé Sẹ́nu

Wọ́n tún pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ilé ìwé kan ní Òmù-Àrán, pé kí n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, iṣẹ́ tó kù fún mi nìyẹn. Wọ́n á gbé àga tó ní tìmùtìmù fún mi, wọ́n á gbé ìgò omi kan síwájú mi, wọ́n á ní, "Màámá, ẹ sọ fún wọn bí ẹ ṣe kó ara yín níjàánu tí ẹ fi dé ibi tí ẹ dé." Mo sì máa ń sọ ọ́ o, ẹnu mi dùn. Mo ní kí wọ́n máa jí kí ẹnikẹ́ni tó jí wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ ìdajì oúnjẹ wọn, kí wọ́n fi ìdajì pamọ́ títí wọn yóò fi kàwé tán. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ti omi, èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Èsìẹ́, mo máa ń gbé omi sẹ́nu kí n tó ṣí ìwé, n kò ní gbé e mì, n kò sì ní tu ú dànù, àfi tí mo bá ka ojú ewé mẹ́wàá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú wá nawọ́ sókè, ó ní, "Màámá, tí ẹnì kan bá wá ń pè yín ńkọ́? Ṣé ẹ kì í dá a lóhùn ni?" Mo ní, "N kì í dá a lóhùn." Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ọmọ yẹn kò pàtẹ́wọ́ ní tiẹ̀, ó kàn ń wò mí ni. Láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ kò ti kúrò lójú mi.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn náà ni mò ń wò yìí. Ọdún tí mò ń sọ ni ọdún tí Bàbá wa já lórí ọ̀pẹ tó sì dá ẹsẹ̀, ọdún náà ni a sì sin Títí, àbúrò mi. Àwa mẹ́rin la kù nílé: Ìyá wa, Ìyá Àgbà tó bí Bàbá, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àti Títí tó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Bàbá wà ní Rore lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń to eegun, wọ́n so igi mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kò lè yí padà lórí ẹní. Láàárín òjò ló já, ìgbà tí iṣu ń ta lábẹ́ ilẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ro oko. Koríko bo gbogbo ebè. Ìgbà tí a fi wa iṣu náà, èyí tó tóbi nínú wọn kò ju apá mi lọ. Ọyẹ́ dé bá wa pẹ̀lú àká tó ṣófo. Di òní yìí, tí mo bá gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ láàárọ̀ ọyẹ́, ebi ọdún náà ni mo máa ń gbọ́.

Ìyá wa kì í ṣe ẹni tí ebi lè tú àṣírí rẹ̀. Ọmọ ìjọ ni, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kò sì lè ṣe nǹkan kan láìsí i. Àkùkọ kì í jí Ìyá wa, òun ló ń jí àkùkọ. Kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù, a ti gbálẹ̀, a ti pọnmi, a ti fọ abọ́, a ti gbàdúrà. Tí a bá sì ń gbàdúrà tí Títí ń ta gìrì kiri lórí ẹní, Ìyá á la ojú kan, á ní, "Jókòó jẹ́ẹ́ bí àwọn ará ilé ère!" Gbogbo ọmọ Èsìẹ́ ló mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àwọn ère òkúta wọ̀nyẹn ti jókòó láti ayé àwọn tí a kò mọ̀, èkúté á gba ẹsẹ̀ wọn kọjá, òjò á rọ̀, wọn kò yẹsẹ̀. Èmi a máa jókòó bíi tiwọn. Títí kò lè ṣe é. Á kọ́kọ́ le bí igi, á di èémí mú, lẹ́yìn náà ni imú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, á sín, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni Ìyá máa ń sọ. Èmi ló máa ń tọ́ka sí láti fi hàn án bí ọmọ ṣe ń mẹ́nu.

Ohun kan wà nílé wa lọ́dún náà tí gbogbo wa ń wò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ. Èèbù ni. Iṣu kéékèèké tí a ó gbìn bí òjò bá dé ni, Ìyá sì tò ó sínú abà kékeré kan lẹ́yìn ilé, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Ó ní, "Ẹni tó bá jẹ èèbù, ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ." Nínú èèbù yẹn ni iṣu ọdún tó ń bọ̀ wà, nínú iṣu ọdún tó ń bọ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì mi wà, nítorí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé. Èmi ni Ìyá fi ṣọ́ ọ. Láràárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé, mo máa ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń já èyí tó bá ti ń hù lára wọn, mo ń wo èyí tí kòkòrò ti jẹ. Mo mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ orúkọ. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé Títí ń mú nínú wọn. Ìyá ká a mọ́ ìdí iná lẹ́ẹ̀kan, ó nà án débi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀kan tún dín. N kò sọ fún Ìyá. Mo sọ fún Títí ní tèmi pé ọ̀kánjúwà ni, pé kò ní di nǹkan kan láyé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ebi kì í pa yín ni?" Mo ní ó ń pa mí, mo kàn jù ú lọ ni. Ẹ wo ẹnu ọmọ ọdún mọ́kànlá!

Ọ̀rọ̀ omi, ọwọ́ Ìyá Àgbà ló ti wá. Ìyá Àgbà kò fi ohun tí àwọn baba rẹ̀ ń sìn sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú á tẹ̀ lé wa dé ṣọ́ọ̀ṣì, á jókòó sí abẹ́ igi níta, ó ní òun ń gbọ́ orin wọn láti ibẹ̀, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ òrìṣà rẹ̀, á ru ìkòkò kékeré kan lọ sódò ní kùtùkùtù, kò ní fọhùn ní àlọ, kò ní fọhùn ní àbọ̀. Ẹni tó bá kí i, á mi orí sí i. Ó ní omi tí a bá fọhùn lé lórí, omi lásán ni. Nígbà tí oorun ń dá mi láàmú nídìí ìwé, òun ló pè mí, ó sọ ọ́ ní ẹnu Ìgbómìnà ijọ́un tó jẹ́ pé ó ti ń kú lẹ́nu àwa náà báyìí, pé kí n gbé omi sẹ́nu. Ẹni tó gbé omi sẹ́nu kò lè sùn, kò lè sọ̀rọ̀ òfìfo, kò lè jẹ nǹkan. "Tí o bá parí," ó ní, "lọ dà á sídìí igi ọsàn, kí o wá máa sọ̀rọ̀ tó bá wù ọ́."

Ó ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, ó ṣiṣẹ́ púpọ̀. Orí mi là. Ìṣirò tó ti ń yí mi lójú bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Mo fi èédú fa ilà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí n kò tu omi dànù kí n tó parí. Mo sì fi ti oúnjẹ kún un. Ìyá á pín iṣu sísè, ẹyọ méjì fún mi, ẹyọ méjì fún Títí. Títí á gbé tiẹ̀ mì kí Ìyá tó jókòó. Èmi á jẹ ẹyọ kan, n ó fi abọ́ bo ẹyọ kejì mọ́lẹ̀ lórí àpótí, n ó sì kàwé tì í. Títí mọ abọ́ náà. Á máa rìn yí i ká bí adìyẹ tó ń wo àgbàdo tí wọ́n sá. Nígbà míì á bẹ̀ mí, n kò ní fún un. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé tí mo bá fún un, mò ń bà á jẹ́ ni, pé ó yẹ kí ó kọ́ ara rẹ̀. Èyí tí n kò sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ni pé ó máa ń dùn mọ́ mi láti rí i bí ó ṣe ń wo abọ́ náà.

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Ilà mi ti di mọ́kànlélógójì. Tẹ́lẹ̀, eérú ni a máa ń fi pa èèbù lára kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, ọmọdé á sì mú un, á gbọn eérú nù, á sun ún jẹ, kò sí nǹkan kan tí yóò ṣe é ju ẹgba lọ. Àmọ́ lọ́dún náà, kòkòrò pọ̀, Ìyá kò sì fẹ́ kí ẹyọ kan ṣòfò. Ó lọ ra oògùn kòkòrò lọ́wọ́ ọkùnrin kan lọ́jà Òmù-Àrán, ìyẹ̀fun kan tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. Àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti eérú rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá fi aṣọ di imú, ó da oògùn náà sára gbogbo èèbù, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Títí ti lọ sódò. Ìyá Àgbà ti lọ ṣẹ́gi. Ìyá gbé oúnjẹ Bàbá, ó fẹ́ lọ wọ mọ́tò lọ sí Rore. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Àdùkẹ́, ohun tó wà lára èèbù yẹn kì í ṣe eérú o. Májèlé ni. Bí Títí bá ti dé, kó tó sọ omi kalẹ̀ ni kí o sọ fún un. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Kí ni mo ní kí o sọ?"

"Pé májèlé ni, kó má fọwọ́ kàn án."

"Ó dáa. Má jẹ́ kí n bá ìjàngbọ̀n nílé." Ó sì lọ.

Mo rò ó pé èrò á pọ̀ lódò, pé mo lè parí ìwé mi kí Títí tó dé. Mo gbé omi sẹ́nu, mo jókòó sí etí àpótí lábẹ́ igi ọsàn, abọ́ iṣu mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ojú ewé kẹrin ni mo wà tó fi wọlé, omi ń kán sí i léjìká láti inú kórobá. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó wá dúró síwájú mi. Mo rántí ọ̀rọ̀ Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé yín dáadáa: n kò gbàgbé. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi gan-an, lẹ́yìn omi. Mo ní lọ́kàn mi pé ojú ewé mẹ́fà péré ló kù. Kí ni ojú ewé mẹ́fà? Ilà mọ́kànlélógójì ni n kò sì fẹ́ pàdánù.

Títí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi nínú iṣu yín. Díẹ̀ péré." Mo mi orí. "Kí n kàn fi tọ́ ẹnu wò ni." Mo mi orí. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú sọ̀rọ̀. Ẹ bú mi, kí n ṣáà gbọ́ ohùn yín." Mo gbé ìwé sókè bo ojú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí yẹ̀yẹ́, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì bíi tèmi, ó ranjú, ó ń ṣí ìwé tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Mo di ojú kí omi má bàa ta jáde. Ìgbà tí n ó fi la ojú, kò sí níwájú mi mọ́. Inú mi dùn pé mo borí. Mo ka ojú ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé, n kò fo ọ̀kan, mo dìde, mo da omi sídìí igi ọsàn. Mo ń nu ẹnu lọ́wọ́ ni òórùn iṣu sísun ta sí mi nímú.

Mo sáré. Ó lóṣòó sẹ́yìn ilé ìdáná, ìyẹ̀fun náà wà ní igun ẹnu rẹ̀, iṣu tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju òkèlè méjì lọ. Bó ṣe rí mi tí mò ń sáré bọ̀, ó rò pé mo fẹ́ já a gbà ni, ló bá kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu pọ̀, ó gbé e mì. Mo kígbe, "Tu ú! Tu ú! Májèlé ni!" Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú iṣu lọ́fun. Ó ní, "Irọ́ ni. Eérú ni. Mo ti gbọ̀n ọ́n nù." Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó gé mi jẹ. Kò pẹ́ tó di inú mú. Itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀ tí kò dá, òógùn bò ó nínú ọyẹ́. Ìyá Àgbà dé bá wa, ó sọ igi nù, ó ké, "Yéè! Mo gbé! Ẹ gbà mí o!" Ó da epo pupa sí i lọ́fun bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà náà. Aládùúgbò wa kan, Bàbá Ṣọlá, gbé alùpùpù rẹ̀ jáde. Wọ́n fi Títí sáàárín, mo dì í mú láti ẹ̀yìn, a forí lé ilé ìwòsàn ní Òmù-Àrán. Lójú ọ̀nà, ó ń wúwo sí i lára mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ fún Ìyá." Èyí ló sọ kẹ́yìn. Bàbá Ṣọlá kò tíì dúró dáadáa tí mo fi mọ̀ pé ẹni tí mo dì mú kò dì mí mú mọ́.

Ìgbà tí Ìyá fi ti Rore dé, wọ́n ti gbé Títí padà wálé, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú rẹ̀. Ìyá kò sunkún. Ó di èjìká mi mú méjèèjì, ó wò mí, ó ní, "Àdùkẹ́, ṣé o sọ fún un?"

Mo ní, "Mo sọ fún un, mà."

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni irọ́ kò tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá fi mí sílẹ̀, ó yíjú sí òkú ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu itan. "Títí! A sọ fún ọ! A sọ fún ọ, o kò gbọ́! Ọmọ aláìgbọràn yìí, o pa mí!" Mo dúró síbẹ̀. Mo dúró jẹ́ẹ́, bí àwọn ará ilé ère.

Àwọn ọkùnrin ìjọ ló lọ sin ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Wọ́n gbé Ìyá wọ iyàrá, àwọn obìnrin yí i ká. Kò sí ẹni tó rántí mi. Mo lọ sábẹ́ igi ọsàn, mo rí abọ́ náà lórí àpótí bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo ṣí i. Iṣu náà ti tutù, ó ti le. Mo fẹ́ kọ̀ ọ́, mo fẹ́ jù ú sóde, gbogbo ohun tí ẹ̀dá lè rò ni mo rò. Ebi ń pa mí. Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ gbogbo rẹ̀, mo sì lá ọwọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà pè mí sídìí igi ọsàn. Ó ń wo ibi tí omi ti máa ń rin ilẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní, "Ọmọ yìí bá ọ níbi tí o ti gbé omi sẹ́nu, àbí?" Mo fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bo ibẹ̀. Ó ní, "Àdùkẹ́, èmi tí mò ń pọnmi òrìṣà láti kékeré, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti da omi nù lójú ọ̀nà. Ọmọ kan já sódò, mo kígbe pe àwọn èèyàn. Obìnrin kan ń rọbí lẹ́bàá ọ̀nà, mo dá a lóhùn. Mo padà lọ sódò, mo tún omi mìíràn pọn. Ta ní sọ fún ọ pé òrìṣà ń bínú sí irú ìyẹn? Àbí n kò sọ ọ́ fún ọ ni?" Kò sọ ọ́ fún mi. Kíkó ara ẹni níjàánu ló kọ́ mi, kò kọ́ mi ní ìgbà tí a ń tú ìjánu. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ìborùn nu ojú, kò sì sọ fún Ìyá títí tó fi kú.

Bí òjò ṣe dé, a fọ èèbù tó kù, a gbìn ín. Kò sí ẹyọ kan tí kò hù. Iṣu náà ta lọ́dún yẹn débi pé àwọn ará Àrán-Ọ̀rin wá wò ó. Òun ni mo fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, nítorí mo yege ìdánwò náà, mo yege dáadáa. Bàbá padà wálé pẹ̀lú ọ̀pá. Ìyá wa gbó jẹ́jẹ́, ó rí mi bí mo ṣe di olùkọ́, ó rí mi bí mo ṣe di ọ̀gá. Ẹnikẹ́ni tí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣe agídí ládùúgbò, á wá bá Ìyá, Ìyá á sì sọ ìtàn àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì, ọ̀kan gbọ́ràn, ẹ wo ibi tó dé, wọ́n sọ fún èkejì, kò gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń dárúkọ Títí nílé wa nìyẹn fún ogójì ọdún. Ojú mi báyìí ló sọ ọ́ nígbà tó ń kú lọ, ó ní tí òun bá dé ọ̀run, òun á bi Títí pé kí ló dé tí kò gbọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, n kò la ẹnu.

Nítorí náà, ọmọbìnrin tó jókòó níwájú, ìwọ tí o kò pàtẹ́wọ́, ìdáhùn rẹ nìyí. Ẹnì kan pè mí. Ọmọ ọdún méje ni, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n kàn bú òun kí òun gbọ́ ohùn mi. Kì í ṣe aláìgbọràn. Kò sí ẹni tó sọ fún un kó tó jẹ ẹ́. Èmi ni wọ́n rán sí i, omi sì wà lẹ́nu mi.